Ìyàwó Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jẹun kẹ́yìn lórí tábìlì ìjẹun nílé Kàmọ́rù. Òkú òyìnbó kan ló gbà á lọ́wọ́ wọn. Edmund Pellow lorúkọ rẹ̀. Barking níbí, nílùú òyìnbó, ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún un láyé àtijọ́, kó tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Mẹ́rílándì nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó gba ilẹ̀ níbẹ̀, ó gbin tábà, ó ra ẹrú, ó sì kú. Ohun tó kù lára rẹ̀ kò ju bébà lọ: ẹ̀dà ìwé ìrìbọmi láti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀dà ìwé ilẹ̀, ẹ̀dà ìwé tí kóòtù fi pín ogún rẹ̀. Àwọn bébà yìí ni Kàmọ́rù tẹ́ sórí tábìlì bí ẹni sá èlùbọ́. Ó sì ti kìlọ̀ fún ará ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé ọbẹ̀ dé ìtòsí wọn.

Ilé wọn tó wà lẹ́bàá páàkì Mayesbrook kò tóbi. Suwebat, ìyàwó rẹ̀, ń jẹun lórí àga pálọ̀, àwo lórí itan. Wúrà ọmọ wọn, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ń jẹun lórí ìdúró ní kíṣìnì. Bí ẹnì kan bá sì ráhùn, Kàmọ́rù á ní kó ṣe sùúrù, òun ò ní pẹ́ parí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà.

Láìbìrì ló ti kó o wálé. Nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu bọ́ọ̀sì wíwà, ó forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń tọ ipasẹ̀ àwọn tó ti kú. Olùkọ́ ní kí oníkálùkù mú orúkọ kan nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Àwọn yòókù mú apẹja àti alápatà. Pellow ló bọ́ sí Kàmọ́rù lọ́wọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́ nílé pé Mẹ́rílándì lọkùnrin náà lọ, Suwebat bi í pé èwo nínú wọn, ti Ìkẹjà ni, àbí èyí tí ọkọ̀ ojú irin máa ń dúró sí lẹ́yìn Stratford. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé ó ra ẹrú, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ní kí Kàmọ́rù dá a padà, kó gba ẹlòmíràn. Kàmọ́rù kọ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ ibi tọ́rọ̀ rẹ̀ yóò já sí.

Orúkọ àwọn ẹrú náà wà nínú ìwé ogún, láàárín màlúù àti ìkòkò. Kàmọ́rù máa ń dárúkọ wọn nínú àdúà rẹ̀ lẹ́yìn ìrun àárọ̀. Ìyẹn nìkan ni Suwebat kì í bá a ṣàwàdà lé lórí.

Láàárọ̀ Sátidé tí à ń wí yìí, Suwebat ń bó ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín. Kàmọ́rù gbé awò ojú rẹ̀ sókè.

"Ìyá Wúrà, Màgírì ò sí nínú ìwé."

"Ta ló ń jẹ́ Màgírì?"

"Obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ Pellow. Ó ń dáná fún un, ó tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú. Ìyàwó rẹ̀ ni gbogbo aládùúgbò ń pè é. Àmọ́ mo ti wo ìwé ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún síwá sẹ́yìn, kò sí orúkọ wọn níbẹ̀."

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọkọ kú?"

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ wọkọ̀ láti ibí, ó lọ gba ilẹ̀ àti ohun gbogbo. Kóòtù ní Màgírì kì í ṣe nǹkan kan sí òkú. Ìkòkò kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́ kó mú lọ, ìyẹn náà sì ti jò."

Suwebat rẹ́rìn-ín. "Ẹ ò rí i pé wọ́n mọ̀wà hù. Wọn ò jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo."

Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí aago ilẹ̀kùn dún.

Rodiyah ló wà níta, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní Whalebone, tí ọkọ rẹ̀, Gbádébọ̀, kú nígbà òtútù. Aṣọ iṣẹ́ ilé arúgbó tó ti ń ṣe aájò àwọn àgbà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà takisí ń bá a kó ẹrù sórí pèpéle: àpò aṣọ, ẹní ìkírun, àti àpò ọ̀rá rẹpẹtẹ tí omi ẹ̀jẹ̀ ń kán nídìí wọn.

"Àǹtí Suwe," ni Rodiyah wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹran yìí kó má bà jẹ́."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ títí wọ́n fi mú un jókòó. Nígbà tí tíì dé ọwọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde díẹ̀díẹ̀. Ó ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò wọ ihò ilẹ̀kùn mọ́. Adébọ̀wálé, ọmọ tí ìyàwó àkọ́fẹ́ bí fún Gbádébọ̀, ló ti pààrọ̀ rẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀ sí iwájú ilé, ó yọ iná fírísà, ó sì kó ohun tó wà nínú rẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Ó ní lọ́yà sọ pé àlejò ni mo jẹ́ nínú ilé bàbá òun. Wọ́n rán ọkùnrin kan wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kọ gbogbo ohun tó wà nínú ilé sílẹ̀. Ó kọ tẹlifíṣọ̀n, ó kọ fírísà, ó kọ àga. Mo dúró síbẹ̀ tó ń kọ ọ́. Kò kọ mí."

Kàmọ́rù wo orí tábìlì, níbi tí wọ́n ti kọ ènìyàn mọ́ màlúù. Ó wo Rodiyah. Ó gbá fìlà rẹ̀ sẹ́yìn.

"Irọ́ ni wọ́n ń pa," ló wí. "Ìyàwó ọkọ ni ọ́. Mú ìwé ìgbéyàwó yín wá, màá fi ohun tí à ń pè ní ogún hàn wọ́n. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí."

"Ìwé wo, ẹ̀gbọ́n? Yìgì la so. Àfáà so ó ní pálọ̀ yín níbí. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ẹlẹ́rìí."

Kàmọ́rù wo ibi tí àfáà jókòó sí lọ́jọ́ náà.

"Ẹ̀yin náà lẹ pín ẹran," ni Rodiyah fi kún un, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, bí ẹni ń ranni létí lásán ni.

Suwebat dìde, ó gbé àpò ẹran wọ kíṣìnì. Kò sí bí fírísà tiwọn ṣe lè gbà á. Ẹran màlúù wà níbẹ̀, pọ̀nmọ́, ṣàkì, ẹja, adìẹ odindi, ẹ̀gúsí tí wọ́n ti sè sínú ike. Oúnjẹ tí obìnrin kan ti tò jọ de ìgbà ààwẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti ń yọ́. Sísè ni yóò di lónìí. Ó gbé ìkòkò ńlá kaná, ó fún Rodiyah ní ọ̀bẹ, ó ní, "Gé àlùbọ́sà. Bí o bá fẹ́ sunkún, ibẹ̀ ló dáa jù."

Rodiyah gé àlùbọ́sà. Ó sunkún dáadáa. Bó ṣe ń sunkún náà ló ń sọ fún Suwebat pé kó má da iyọ̀ sí ẹja o, òun ti fi iyọ̀ sí i. A kúkú máa ń sunkún, a máa ń ríran.

Wúrà jí nítorí òórùn ẹran, ó wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kíṣìnì pẹ̀lú bọ́nẹ́ẹ̀tì lórí. Wọ́n ṣàlàyé fún un. Kàmọ́rù tó ti tẹ̀ lé wọn wọlé wá ń sọ ohun tí olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ wí: pé ní orílẹ̀-èdè yìí, bí kò bá sí rẹ́jísítà, òṣìṣẹ́ tó ń kọ ìgbéyàwó sínú ìwé ìjọba, níbi ìgbéyàwó, tí ilé ìjọsìn náà ò sì gba àṣẹ, ojú ìjọba ò rí i. Ọlọ́run rí i, aládùúgbò rí i, ṣùgbọ́n ìjọba ò rí i. Ó sọ ọ́ dáadáa, ó fi Màgírì ṣe àpẹẹrẹ.

"Okay," ni Wúrà wí. "So Daddy, ẹ̀yin àti Mummy ńkọ́? Níbo lẹ ti ṣe tiyín?"

"Dagenham. Ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ mi."

"Rẹ́jísítà wà níbẹ̀?"

"Àfáà wà níbẹ̀."

"So ẹ̀yin méjèèjì, like, ẹ kàn ń bára yín gbé."

Ọ̀bẹ Suwebat dúró lórí ẹran. Rodiyah tẹ orí ba, ó ń gé àlùbọ́sà tó ti gé tẹ́lẹ̀.

"Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni," ni Suwebat wí. Kò sí ẹni tó bá a parí òwe náà.

Nígbà tó yá ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún. "Bàbá Wúrà, orúkọ ta ló wà lára ìwé ilé yìí?"

"Ìyá Wúrà, ìwọ náà mọ̀. Nígbà tí a rà á, o ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, o ò lè máa bá mi lọ sí báńkì."

"Mo bímọ, mo sì dìde níbi ìkúnlẹ̀. Orúkọ ta ló wà níbẹ̀?"

"Tèmi."

"Ẹ ti kọ ìwé ìhágún?"

"Ṣé mo ti kú ni?"

"Pellow náà ò tíì kú nígbà tó wà láyé."

Wúrà yọ́ wo bàbá rẹ̀, ó yí ojú sí fèrèsé kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀.

"Ẹni tó bá jókòó tó ń kọ ìwé ìhágún," ni Kàmọ́rù wí, "ikú ló ń pè."

"Àwọn òkú tí ẹ fi tábìlì ṣe lálejò yẹn, ta ló pè wọ́n?" Ohùn rẹ̀ ò ròkè. "Ẹ mọ màlúù tí ọkùnrin náà ní. Ẹ mọ ibi tí ìkòkò Màgírì gbà lọ. Ẹ lọ wo ìwé ìgbéyàwó àwọn ẹlòmíràn síwá sẹ́yìn. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, mo mọ̀. Àmọ́ ó yẹ kó tilẹ̀ mọ̀ pé òun ní èkù."

Kàmọ́rù jáde lọ sí pálọ̀. Wọ́n gbọ́ tó ń ká bébà jọ, wọ́n tún gbọ́ tó ń tẹ́ wọn padà.

Òórùn ẹran ti ta dé òdìkejì ògiri. Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, aládùúgbò wọn, tó jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà, ló yọjú lẹ́yìnkùlé nínú aṣọ funfun, ó ń múra ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Suwebat bu ẹran fún un lórí ọgbà, ó bu púpọ̀, ó sì ro ẹjọ́ náà lé e.

"Háà, ọmọ aráyé," ni Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ wí, ó fi ìka tọ́ ọbẹ̀ wò. "Ohun tí mo ṣe ń sọ fún yín nìyẹn pé kí ẹ máa ṣe nǹkan ní gbangba. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Níwájú pẹpẹ ni wòlíì ti so wá pọ̀. Àbẹ́là jó, akọrin kọrin."

"Ẹ fọwọ́ síwèé rẹ́jísítà, Mà?" ni Wúrà bi í láti ẹnu ọ̀nà.

"Wòlíì fọwọ́ sí i."

"Ìwé wo ni?"

Ìyá Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ronú díẹ̀. "Ìwé kan wà," ló wí. Ó dúpẹ́, ó gbé abọ́ rẹ̀ wọlé. Ògiri ilé àdúgbò yẹn fẹ́lẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gbọ́ bí ó ṣe ń fa dúrọ́ọ̀ yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń tì í padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ tó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀, kì í ṣe ní ohùn àdúrà. Ìpàdé àwọn ìyá ìjọ pàdánù ẹnì kan lọ́jọ́ náà.

Wúrà ti bá lọ́yà kan tí òun àti rẹ̀ jọ kàwé sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó wá sọ fún Rodiyah pé ọ̀nà ò tíì dí. Ẹni tó bá bá ọkùnrin gbé bí tọkọtaya ju ọdún méjì lọ títí ó fi kú lè bẹ kóòtù pé kí wọ́n fún òun nínú ohun tó fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi falẹ̀.

"Kóòtù a máa pẹ́," ni Rodiyah wí. "Níbo ni kí n sùn?"

"Ibí," ni Suwebat dáhùn. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ jẹ́ ká lọ wo ojú ọmọ yẹn."

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Whalebone, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Suwebat gbé ọbẹ̀ dání nínú kúlà. Ó jókòó ti Rodiyah. Kàmọ́rù tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa bọ́ọ̀sì lọ́nà yẹn jókòó lẹ́yìn wọn bí èrò tó ṣi ọkọ̀ wọ̀.

Adébọ̀wálé ló ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin gíga ni, ó jọ bàbá rẹ̀ lójú, eruku wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Nígbà tó rí Rodiyah, ó wo ilẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún Kàmọ́rù, ìdọ̀bálẹ̀ àwọn tí wọ́n bí síbí, tí kò ju kí wọ́n fi ọwọ́ kan orúnkún lọ.

"Ẹ káàsán, sà. Bó bá jẹ́ nítorí ilé ni, lọ́yà ti sọ ọ́. Daddy ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Èmi nìkan sì lọmọ. It's not personal, sà. Bí òfin ṣe rí ni."

Kàmọ́rù tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe. "Ọmọ mi, jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún ọ. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Pellow. Ó ní ilẹ̀ tábà ní Mẹ́rílándì."

"Maryland, by Stratford?"

"Rárá, ti Amẹ́ríkà. Nígbà tó kú, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọkọ̀..."

"Sà, ẹ má bínú, ta ni Pellow?"

Kàmọ́rù wo ìyàwó rẹ̀. Suwebat ò gbà á sílẹ̀. Ó jẹ́ kó jókòó sínú ìtìjú náà díẹ̀, kó tó gbé kúlà rẹ̀ kalẹ̀, kó sì bọ́ síwájú.

"Adébọ̀wálé, mi ò mọ̀wé òfin. Nígbà tí ẹsẹ̀ bàbá rẹ wú, ta ló ń fọ̀ ọ́?"

Adébọ̀wálé gbọn eruku ara ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

"Nígbà tí o wá kí i ní ọsibítù, ta lo bá níbẹ̀?"

"Àǹtí Rodiyah."

"Ta ló pè ọ́ lọ́jọ́ tó kú?"

Adébọ̀wálé nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.

"Wọ́n ní ìwé ò mọ̀ ọ́n," ni Suwebat wí. "Ó dáa. Ìwọ ńkọ́, o mọ̀ ọ́n?"

Ọkọ̀ kan kọjá, òmíràn kọjá. Obìnrin kan tó ń bomi rin òdòdó nílé kejì ti gbàgbé omi lọ́wọ́, ó ń ṣàn sí bàtà rẹ̀. Rodiyah ń wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà kọjá èjìká ọmọkùnrin yìí, ó ń wo ibi tó máa ń gbé bàtà rẹ̀ sí.

Adébọ̀wálé ki ọwọ́ bọ àpò, ó yọ kọ́kọ́rọ́ tuntun jáde. Kò fi lé Suwebat lọ́wọ́, kò fi lé Kàmọ́rù lọ́wọ́; Rodiyah ló fi lé lọ́wọ́. "Ẹ máa wọlé, Àǹtí," ló wí fún Rodiyah. "Ohun tí kóòtù bá sọ, a ó gbọ́. Títí dìgbà náà, ẹ máa gbé inú ilé." Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun ti tan iná fírísà padà, àmọ́ òfìfo ló wà.

"A mú ọbẹ̀ wá," ni Rodiyah dáhùn. Nígbà tí Suwebat àti Kàmọ́rù fi ń lọ, ó ti ń bi ọmọ náà bóyá ó ti jẹun.

Nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ padà sílé, Kàmọ́rù ò jókòó sẹ́yìn mọ́. Ó wá ti Suwebat. Wọ́n kọjá ibùdókọ̀ mélòó kan kó tó lanu.

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ká lọ sí rẹ́jísítírì."

"Lọ ṣe kí ni?"

"Ká lọ ṣègbéyàwó. Lẹ́yìn náà ká lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ mọ́ ìwé ilé."

Suwebat ò yíjú sí i. Ó ń wo àwọn ilé tó ń kọjá lójú fèrèsé. "Ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń tọrọ ọmọ nílùú tiyín, nínú bọ́ọ̀sì?"

"Kí wá ni kí n ṣe, Ìyá Wúrà?"

"Mo ní ẹbí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣì wà láyé ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹ mọ nọ́ńbà rẹ̀."

Kàmọ́rù rò pé àwàdà ni. Ó wo ojú rẹ̀, ó rí i pé kì í ṣe àwàdà. Ó yọ fóònù jáde, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé e sí etí. Suwebat na ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́ sí gbangba kí òun náà lè máa gbọ́.

Wọ́n kíra, wọ́n béèrè àlàáfíà òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn. Kàmọ́rù wúkọ́. "Ẹ̀gbọ́n, mo pè nítorí ọ̀rọ̀ pàtàkì kan ni. A rí òdòdó kan lágbàlá yín, a fẹ́ já a."

"Alhamdulillahi. Ọmọ rẹ ọkùnrin wo ló fẹ́ gbéyàwó? O ò kúkú bí ọkùnrin."

"Èmi ni, sà."

"Ìwọ. Ṣé Suwebat mọ̀?"

"Suwebat ni mo ń wí, sà. Òun gan-an ni òdòdó náà. Ìjọba ò tíì mọ̀ ọ́n ní ìyàwó mi. Ẹ̀bi mi ni, sà."

Ó ṣàlàyé ohun gbogbo, láti orí Rodiyah dé orí ìwé ilé. Kò dárúkọ Pellow. Àgbà náà gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa. A ti gbọ́ ohun tí o wí. Àmọ́ a kì í dédé fi ọmọ fún ẹni tí a ò mọ̀. A ó kọ́kọ́ ṣèwádìí rẹ. Kí lo sọ pé ò ń jẹ́?"

"Kàmọ́rù ni, sà."

"Ọmọ ta ni?"

"Ọmọ Bàkárè, sà."

Suwebat ti fi ẹ̀gbẹ́ gèlè bo ẹnu rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Ibùdókọ̀ wọn ti kọjá. Kò sí ẹni tó tẹ aago.

"Bàkárè wo?" ni àgbà náà bi í.